Níbo Lowó Rẹ Ti Wá? Àlàyé Lórí Ipò Nínú Ìwé Ìtàn Àròsọ Àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Nínú Pride and Prejudice, ìwé tí Jane Austen gbé jáde ní 1813, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bingley. Nǹkan bí £100,000 ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọ̀gbẹ́ni Bennet tí wọ́n jọ wà ládùúgbò kò rí ju £2,000 lọ́dún, ọmọbìnrin márùn-ún ló sì fi ń tọ́. Tó bá jẹ́ owó nìkan là ń wò, a kò ní máa bèèrè ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì. Àmọ́ ìdílé Bennet ló ti fìdí múlẹ̀ lágbègbè náà. Bingley háyà ilé tó ń gbé ni, kò tíì ra ilẹ̀ kankan. Arákùnrin ìyàwó Bennet wá ńkọ́, Ọ̀gbẹ́ni Gardiner, oníṣòwò ní Lọ́ńdọ̀nù? Ó rí jájẹ, ó gbọ́n, ìwà rẹ̀ sì dára ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fojú di í lọ. Síbẹ̀ àwọn arábìnrin Bingley ń fi àdúgbò tó ń gbé ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ inú òwò gan-an ni owó tí àwọn náà ń ná ti wá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa ti máa ń ṣìnà. A ka irú ìwé wọ̀nyí ní sẹ́kọ́ndìrì, a há orúkọ àwọn tó wà nínú wọn sórí nítorí ìdánwò, àmọ́ àwọn tó ṣàlàyé òfin tó wà nídìí ìtàn náà fún wa kò tó nǹkan. A rò pé ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà ni. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn ènìyàn inú ìwé náà ń wádìí lára ara wọn ni pé: níbo lowó ẹni yìí ti ń wá, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún un, ó sì tó ìran mélòó tó ti wà lọ́wọ́ wọn?

Orí ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Nílùú Ọba láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ, tí àwọn àgbẹ̀ ń dáko lórí rẹ̀, tí wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un, òun ni jẹ́ńtùmáànì tí ẹnikẹ́ni kò lè bá jiyàn. Kì í kọ ebè. Kì í ta ọjà. Kì í gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gun ẹṣin yí ilẹ̀ rẹ̀ po, kó máa dá ẹjọ́ kéékèèké ládùúgbò, kó máa ṣọdẹ, kó sì máa gba àlejò. Darcy, tó padà di ọkọ Elizabeth Bennet, ń rí £10,000 lọ́dún, ó sì ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Derbyshire. Kò joyè kankan. "Ọ̀gbẹ́ni" lásán ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Olóyè tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà nínú àwọn ìwé yìí, a ó sì dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan láìpẹ́.

Oyè náà ní ìpele tirẹ̀. Duke ló ga jù, marquess tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni earl, viscount àti baron. Láyé ìgbà yẹn, àwọn márùn-ún yìí ni oyè wọn ń gbé dé ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá. Baronet wà nísàlẹ̀ wọn: "Sir" ni wọ́n ń pè é, ọmọkùnrin rẹ̀ yóò sì jogún oyè náà, àmọ́ oyè yìí kò fún un ní àga nílé ìgbìmọ̀. Knight ló kẹ́yìn. "Sir" lòun náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá kú loyè náà kú.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ knight kan, nítorí òun ló là mí lójú sí bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Sir William Lucas, aládùúgbò Bennet, oníṣòwò ni tẹ́lẹ̀ nílùú kékeré tó wà nítòsí wọn. Ó rí owó díẹ̀, ó di olórí ìlú, ó sọ̀rọ̀ ìkíni sí ọba, ọba sì fi oyè dá a lọ́lá. Láti ìgbà náà ni òwò ti di ohun ìríra lójú rẹ̀. Ó pa á tì, ó kó kúrò nígboro, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ilé tuntun tó kó lọ, ó sì ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ọ̀yàyà sí ènìyàn. Ọkùnrin rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀. Charlotte ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò rí ọkọ, bàbá tó ti pa òwò tì kò sì ní owó gidi tó lè fi lé e lọ́wọ́ lọ sílé ọkọ. Nígbà tí Collins, àlùfáà tó gọ̀ tó sì ń wárí fún ọlọ́lá, wá tọrọ rẹ̀, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nílẹ̀ tó fi gbà. Àwọn òǹkàwé kan máa ń dá Charlotte lẹ́bi pé kò fi ti ìfẹ́ ṣe. Èmi kò lè dá a lẹ́bi. Òun ló san owó oyè tí bàbá rẹ̀ jẹ.

Lábẹ́ àwọn onílẹ̀ ni àwọn iṣẹ́ tí ọmọ wọn lè ṣe láìtẹ́: ọ̀gá ológun orí ilẹ̀ tàbí ti ojú omi, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, lọ́yà tó ń rojọ́ nílé ẹjọ́ gíga. Owó ni wọ́n fi ń ra ọ̀pọ̀ ipò ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀, títí di 1871 tí ìjọba fòpin sí i. Ipò àlùfáà ńkọ́? Ọwọ́ onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà láti fi ta ẹni tó wù ú lọ́rẹ. Bí Collins ṣe rí tirẹ̀ gbà lọ́wọ́ Lady Catherine, obìnrin onílẹ̀ ńlá kan, nìyẹn. Lọ́yà ìlú kékeré tó ń bá ènìyàn kọ ìwé àdéhùn kò sí lára àwọn tí mo ń sọ yìí, irú rẹ̀ sì ni bàbá ìyàwó Bennet. Nínú òwò pàápàá, ẹni tó ń ta ọjà lọ́pọ̀ ga ju ẹni tó dúró sẹ́yìn káńtà lọ. Nínú Great Expectations, ìwé Charles Dickens, ọ̀rẹ́ Pip, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, ṣàlàyé fún un pé ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì tà kò lè di ọlọ́lá, àmọ́ ẹni tó ń pọn bíà lè dà á. Ó jẹ́wọ́ pé òun gan-an kò mọ ohun tó fà á.

Ẹni tí wọn kò mọ ibi tí wọn yóò fi sí ni àgbẹ̀ tó rí jájẹ. Nínú Emma, tó jáde ní ìparí 1815, Robert Martin ń dáko lórí ilẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Knightley. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó níwà, ó sì fẹ́ràn Harriet Smith, ọmọbìnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá rẹ̀. Emma, ọ̀dọ́bìnrin olówó tó mú Harriet lọ́rẹ̀ẹ́, kò fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Àlàyé tirẹ̀ ni pé ká ní ọkùnrin náà tòṣì ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, òun ì bá ṣe é lóore; àmọ́ kò nílò oore òun, kò sì ga tó ẹni tí òun lè bá jókòó. Nítorí náà, ó dà bí ẹni pé kò sí láyé lójú rẹ̀. Nígbà tí àṣírí bàbá Harriet tú níkẹyìn, oníṣòwò ni, kì í ṣe ọlọ́lá tí Emma ti fọkàn dá sílẹ̀ fún un. Harriet fẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀, ayé kò sì bàjẹ́.

Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìkànìyàn 1851 fi hàn pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan ní Bìrìtéènì. Kò sí yàrá kan nínú àwọn ìtàn yìí tí wọn kò sí, wọ́n ń dáná, wọ́n ń gbé lẹ́tà wọlé, wọ́n ń gbé àwo jáde. Nígbà tí Elizabeth fẹsẹ̀ rin inú ẹrẹ̀ lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, gbogbo ilé ló sọ̀rọ̀ nípa ẹrẹ̀ tó wà létí aṣọ rẹ̀. Ẹnì kan ló ní láti fọ aṣọ náà. Ìwé náà kò dárúkọ ẹni tó fọ̀ ọ́, ó sì máa ń dùn mí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ogún, òun ló sì ń da òǹkàwé láàmú jù. Lọ́dọ̀ wa, bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, wọ́n lè pín dúkìá rẹ̀ ní ìdí-igi, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba tiwọn, tàbí kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí. Ọmọbìnrin ní ìpín tirẹ̀, àbúrò ní tirẹ̀. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sá fún. Ilẹ̀ tí ọmọ márùn-ún bá pín lónìí, tí àwọn ọmọ tiwọn náà tún pín lọ́la, kò ní pẹ́ tí ìdílé náà yóò fi dà bí àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn. Agbára lórí ìbò, ipò adájọ́ àdúgbò, ẹ̀tọ́ láti yan àlùfáà, inú ilẹ̀ ńlá tí kò fọ́ ni wọ́n ti ń wá. Nítorí náà, àkọ́bí ọmọkùnrin ló ń kó gbogbo ilẹ̀. Kí onínàákúnàá kan má baà sì tà á, wọ́n máa ń ṣe ìwé tó so ilẹ̀ mọ́ ìran: ẹni tó wà lórí rẹ̀ lónìí ń jẹ èrè rẹ̀ títí yóò fi kú ni, kò lè há a fún ẹlòmíràn.

Okùn yìí ló so Bennet. Ìwé Longbourn, ilẹ̀ ìdílé rẹ̀, sọ pé ọkùnrin ni kó máa jogún rẹ̀, ó bí obìnrin márùn-ún, ìbátan rẹ̀ Collins ni yóò sì gbà á. Àwọn ènìyàn máa ń bèèrè pé kí ló dé tí bàbá yìí kò tọ́jú owó pamọ́ fún wọn. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ó yára kọjá. Nígbà tó gbéyàwó, ó dá a lójú pé òun yóò bí ọmọkùnrin. Bí ọmọ náà bá sì ti pé ọjọ́ orí tí òfin sọ, bàbá àti ọmọ yóò jọ fọwọ́ sí ìwé tí yóò tú okùn náà, wọn yóò sì fi rí nǹkan ṣe fún ìyá àti àwọn àbúrò. Ọmọkùnrin kò dé. Nígbà tí wọ́n fi gba kámú, ó ti pẹ́ jù láti máa tọ́jú owó. Ẹ má rò pé gbogbo ilẹ̀ ló ń ta obìnrin nù o. Ọmọbìnrin Lady Catherine ni yóò jogún Rosings, ilẹ̀ ìdílé wọn, nítorí ìwé ilẹ̀ tiwọn kò dí obìnrin lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ohun tó kù fún Elizabeth. £5,000 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìyá àti àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, £1,000 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Owó tí wọ́n fi yá ìjọba ni, èlé rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin lórí ọgọ́rùn-ún, ìyẹn £40 lọ́dún. (Irú ìṣirò èlé yìí kan náà ló jẹ́ kí £100,000 Bingley máa mú £4,000 tàbí £5,000 wọlé lọ́dún, iye tí ìyá wọn ń pariwo káàkiri.) Collins kò sì ní ìtìjú: ó dárúkọ £1,000 náà fún Elizabeth lójú ara rẹ̀ nígbà tó ń sọ pé òun fẹ́ fi í ṣaya. Ẹ fi £40 yẹn wé owó Jane Eyre, nínú ìwé Charlotte Brontë tó jáde ní 1847. £30 lọ́dún ni wọ́n ń san fún Jane gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tó ń gbé inú ilé olówó, wọ́n sì ń fún un ní oúnjẹ àti yàrá. Gbogbo ohun tó fi ya ọmọ onílẹ̀ bíi Elizabeth sọ́tọ̀ sí obìnrin tó ń fi ẹ̀kọ́ kíkọ́ni jẹun kò ju £10 lọ́dún, lọ́jọ́ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá ti kú. Nígbà tó kọ Collins, tó tún kọ Darcy ní àkọ́kọ́, ayé rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá kà á bí eré ìfẹ́ nìkan kò tíì rí ìgboyà tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá àti àwọn ọmọ mẹ́ta tó wà nínú Sense and Sensibility, tó jáde ní 1811, kò rí àyè ta tẹ́tẹ́ rárá. Bàbá kú, ilẹ̀ kọjá sọ́wọ́ John, ọmọkùnrin tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí. £500 lọ́dún ló kù fún àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. John ti ṣèlérí fún bàbá rẹ̀ lórí àkéte ikú pé òun yóò tọ́jú wọn, ó sì pinnu pé òun yóò fún àwọn àbúrò òun ní £3,000, £1,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Owó náà di ìdajì. Ó di £100 fún ìyá wọn lọ́dọọdún. Ó di £50 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá wù wọ́n. Nígbà tí orí kékeré náà fi parí, ohun tó kù ni pé John yóò bá wọn wá ilé kékeré kan, yóò bá wọn kó ẹrù, yóò sì máa fi ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ránṣẹ́ sí wọn nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó. Kò sí òfin kankan tó rú. Fún mi, kò sí ojú ìwé kankan nínú gbogbo ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi bí ènìyàn ṣe ń já wálẹ̀ hàn kedere ju èyí lọ: kò sí ọ̀tá, kò sí ìjà, tọkọtaya kan jókòó wọ́n ń ronú nípa owó ọmọ wọn.

Owó obìnrin fúnra rẹ̀ kò tún dá a sí. Bó bá ti wọlé ọkọ, owó tó mú wá di ti ọkọ, àyàfi tí àwọn òbí bá ti ṣe ìwé àdéhùn tó dáàbò bò ó. Ìdí nìyẹn tí Wickham, ọmọ ẹni tó ń bójú tó ilẹ̀ fún bàbá Darcy, fi fẹ́ gbé àbúrò Darcy sá lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọmọ náà, £30,000 ló sì wà lórúkọ rẹ̀. Òfin 1870 dín ìyà yìí kù díẹ̀. Òfin 1882 ló wá jẹ́ kí obìnrin tó lọ́kọ máa ní dúkìá tirẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ṣé ènìyàn lè gòkè rárá? Ó lè gòkè, àmọ́ ẹ kíyè sí ohun tó ń gbé wọn gòkè. Nínú Persuasion, Sir Walter Elliot, baronet tí ìgbéraga kún inú rẹ̀ dẹ́nu, jẹ gbèsè títí ó fi ní láti fi ilé baba rẹ̀ háyà fún ọ̀gá àgbà ológun ojú omi kan. Ọdún díẹ̀ ṣáájú, wọ́n ti yí ọmọ rẹ̀ Anne lọ́kàn padà kó má fẹ́ Wentworth, ọ̀dọ́ ológun ojú omi tí kò ní kọ́bọ̀. Nígbà tí Wentworth padà dé, ó ti ní £25,000. Owó ogun ni: bí ọkọ̀ ojú omi wọn bá gba ọkọ̀ ọ̀tá, wọ́n á pín iye tó tó láàárín ara wọn, ti ọ̀gá ọkọ̀ sì pọ̀ gan-an. Sir Walter ti ń ráhùn tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ojú omi ń gbé àwọn tí kò nílé baba ga ju bó ṣe yẹ lọ. Inú mi dùn sí ibi tí ìwé náà gbà á sí. Àwọn ológun yìí ló mọ bí a ṣe ń tọ́jú ilé àti ènìyàn, Anne sì bá wọn lọ láìwẹ̀yìn.

Àwọn tó kù, òkè òkun ni owó wọn ti ń wá, ibí yìí ló sì yẹ kí àwa tí a jẹ́ ọmọ Áfíríkà la ojú wa dáadáa. Sir Thomas Bertram nínú Mansfield Park (1814) ní dúkìá ní Antigua, níbi tí àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ti ń ṣiṣẹ́ oko ìrèké. Fanny, ọmọ ìbátan tálákà tí wọ́n gbà tọ́, bi í léèrè nípa òwò ẹrú. Gbogbo ilé dákẹ́. Òfin 1807 ti fòpin sí òwò náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n 1833 ni wọ́n tó ṣe òfin tó fòpin sí ìsìnrú fúnra rẹ̀ ní àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn. Ẹ tún wo Rochester, ọ̀gá Jane Eyre. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí ilẹ̀ fọ́, ó kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Kí àbúrò má baà wá tòṣì, wọ́n wá aya fún un ní Jamaica, ọmọ oníṣòwò tó ní oko ńlá, pẹ̀lú £30,000. Obìnrin yẹn ni wọ́n tì mọ́ òkè ilé. Ìdílé tó ń dáàbò bo ilẹ̀ rẹ̀ ní England ló bí gbogbo ẹ̀rù àti ẹkún inú ìwé náà, oko ìrèké ló sì san owó rẹ̀.

Jane pàápàá, owó òkè òkun ló yọ ọ́. Ìbátan bàbá rẹ̀ tó kú ní Madeira fi £20,000 sílẹ̀ fún un, ó pín in sí mẹ́rin pẹ̀lú àwọn ọmọ ìbátan rẹ̀, £5,000 ni tirẹ̀. Pẹ̀lú £30 lọ́dún, ká ní kò ná kọ́bọ̀ níbẹ̀, yóò ju 166 ọdún lọ kó tó kó iye yẹn jọ. Àwọn kan máa ń sọ pé ogún òjijì bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójú ayé, pé òǹkọ̀wé fẹ́ fi tètè parí ìtàn ni. Lójú tèmi, òótọ́ ọ̀rọ̀ ló ń sọ: owó iṣẹ́ kò lè gbé obìnrin náà débẹ̀ láéláé.

Great Expectations, tó jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín 1860 àti 1861, ló lọ jìnnà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Pip jẹ́ ọmọ òrukàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ọkọ rẹ̀ Joe, alágbẹ̀dẹ, ń tọ́. Ó lọ ṣeré nílé olówó kan, Estella, ọmọbìnrin tó ń gbé níbẹ̀, fi ọwọ́ Pip tó le àti bàtà rẹ̀ tó nípọn ṣẹ̀sín. Láti ọjọ́ náà, ojú ilé alágbẹ̀dẹ ń tì í. Nígbà tó yá, ẹnì kan tí kò sọ orúkọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán owó sí i kó lè di jẹ́ńtùmáànì ní Lọ́ńdọ̀nù. Pip kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀bẹ, bí wọ́n ṣe ń wọṣọ, bí wọ́n ṣe ń jẹ gbèsè. Joe wá kí i. Kò mọ ibi tí yóò gbé fìlà rẹ̀ sí, fìlà náà ń já bọ́ ṣáá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ tó tọ́ dàgbà ní "ọ̀gá". Ó rí i pé kò yẹ kí àwọn jọ wà nínú yàrá yẹn, ó sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì lọ. Mi ò rí ẹni tó ka ibẹ̀ tí kò bínú sí Pip.

Ta ló wá ń rán owó náà? Magwitch ni, ẹlẹ́wọ̀n tí Pip fún ní oúnjẹ nígbà èwe rẹ̀, tí wọ́n kó lọ sí New South Wales ní Ọsirélíà, tó fi sísin àgùntàn di olówó níbẹ̀. Jẹ́ńtùmáànì tó ń yọ ṣùtì sí alágbẹ̀dẹ, lórí òógùn ẹlẹ́wọ̀n ló dúró. Estella náà tó kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín, ọmọ bíbí Magwitch ni, òun kò kàn mọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n mú Magwitch tí wọ́n sì dá a lẹ́bi, òfin gba gbogbo owó rẹ̀ fún ìjọba, Pip sì lọ di akọ̀wé nílé iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Cairo. Dickens mọ ohun tó ń sọ. Ní 1824, wọ́n ti bàbá rẹ̀ mọ́lé ní ẹ̀wọ̀n Marshalsea nítorí gbèsè, òun tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá sì ń lẹ ìwé mọ́ ìgò pólíìṣì bàtà fún ṣílè mẹ́fà tàbí méje lọ́sẹ̀. Kò jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ títí ó fi kú ní 1870.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ìwé kíkà gbé gòkè nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí. Ọ̀nà tí àwa gbà gbọ́ jù nìyẹn, tí àwọn òbí wa ta ilẹ̀ àti aṣọ nítorí rẹ̀. Ìwé Thomas Hardy, Jude the Obscure, tó jáde ní 1895, ló gbé ìbéèrè yẹn kalẹ̀. Jude ń gbẹ́ òkúta fún iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ó dá kọ́ èdè Látìn àti Gíríìkì nígbà tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí wọ́n fi ń pín búrẹ́dì káàkiri, ó sì lọ sí Christminster, ìlú tí Hardy fi Oxford ya àwòrán rẹ̀, pẹ̀lú ìrètí àtiwọ yunifásítì. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹyọ kan péré ló dáhùn: lẹ́tà kúkúrú tó gbà á nímọ̀ràn pé kó dúró sí ààyè rẹ̀, kó tẹra mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, Jude fi ẹfun kọ Jóòbù orí 12 ẹsẹ 3 sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ náà, níbi tí Jóòbù ti sọ pé òun náà ní òye, òun kò sì kéré sí wọn.

Ní 1899, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Oxford fún àwọn òṣìṣẹ́, èyí tó di Ruskin College. Kò sí lára yunifásítì náà. Hardy kọ ọ́ ní 1912 pé àwọn kan sọ fún òun pé orúkọ Jude ló yẹ kí wọ́n fi sọ ọ́.